Fáìlì Tó Wà Nísàlẹ̀ Pátápátá

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo fi ọmú tí mo mu búra. Ó dáa, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ibì kan wà tí mo yí díẹ̀, torí pé ẹnu mi ò gbà á bó ṣe rí gan-an. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Màá jẹ́wọ́.

Ọmọ mẹ́ta ni bàbá wa bí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni àkọ́bí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tẹ̀lé e. Bàbá wa ló sọ ọ́ ní Pẹ́pẹ́yẹ nítorí bó ṣe ń rìn ní kékeré, inú ilé wa nìkan la sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Èmi ni àbíkẹ́yìn. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Ká má purọ́, ilé ìwé náà ò sunkún.

Olórin ni bàbá wa. Nígbà tó kú, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi jogún àwọn ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ jogún gìtá. Èmi jogún orin kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni bàbá kọ ọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ẹkún mi sì wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni mo jogún, màá ní kí wọ́n lọ wá orin tiwọn. Bàbá máa ń di etí mi mú, á ní, "Orin yìí, tìrẹ nìkan ni. Mi ò kọ ọ́ fún ẹlòmíràn rí. Mi ò ní í kọ ọ́ fún ẹlòmíràn láé."

Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù kan. Àwọn èèyàn á kó kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wá, a ó gba orin inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, a ó sì fún fáìlì kọ̀ọ̀kan lórúkọ: ta ló kọrin, orin wo ni, ọjọ́ wo ni wọ́n gbà á sílẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù á wà lókè. Èyí tó tuntun jù á wà nísàlẹ̀ pátápátá. Òfin ẹ̀gbọ́n mi ni pé fáìlì kankan ò gbọdọ̀ wà láìlórúkọ. Ta ló wá ń sọ wọ́n lórúkọ? Èmi. Ẹ ò rí i pé ológbò ni wọ́n fi ṣọ́ ẹja.

Mo ti gba igbe ewúrẹ́ sílẹ̀ rí, mo fún un ní orúkọ orin tí àwọn ọmọ ilé ìwé kan fẹ́ fi yan níwájú àwọn òbí wọn. Olùkọ́ wọn tẹ̀ ẹ́. Ewúrẹ́ ké. Àwọn ọmọ náà sì yan lọ, ọ̀tún, òsì, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín.

"Lọ́jọ́ tí o bá sọ òótọ́," ó ní, "ta ló máa gbà ọ́ gbọ́?"

Ọjọ́ náà ò jìnnà.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni. Oòrùn mú. Àdúgbò dákẹ́. Fáànù ń yí lókè orí mi. Mo ṣí fódà orin bàbá wa. Fáìlì mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀, èmi ni mo sọ gbogbo wọn lórúkọ. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n jẹ́ méjìlélógójì. Èyí tó lé wà nísàlẹ̀ pátápátá. Kò lórúkọ. Déètì àná ló wà lára rẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́.

Kẹ́kẹ́ pa. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan wúkọ́. Mo mọ ikọ́ yẹn. Gìtá bẹ̀rẹ̀. Orin mi ni. Ohùn bàbá mi ni.

Ọmọ ìkókó kan ké.

Kì í ṣe ẹkún mi. Ẹkún tèmi há bíi ti àgbàlagbà tí òtútù mú. Ti ọmọ yìí mọ́ lóló.

"Àbíkẹ́yìn mi," bàbá mi sọ, "orin yìí, tìrẹ nìkan ni."

Mo pa á. Fáànù ṣì ń yí, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá gbọ́ nǹkan."

"Ewúrẹ́ ni àbí àgùntàn?"

"Bàbá ni."

Ó gbọ́ ọ díẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"O gé ohùn bàbá, o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹkún ọmọ ọlọ́mọ. Òkú bàbá wa ló wá kàn báyìí?"

"Mo fi ìyá wa búra..."

"Má fi ìyá mi búra!"

Ó pa fáìlì náà rẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, ó ti padà, òmíràn sì tẹ̀lé e. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, ó ń pàtẹ́wọ́. Ní ìkẹrin, mo gbọ́ ẹsẹ̀ kékeré tó ń sáré lórí sìmẹ́ǹtì. Ọ̀sẹ̀ kan tiwa, bí ọdún kan tiwọn.

Mo sá lọ sókè fódà náà, sórí fáìlì tèmi, ti ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Mo tẹ̀ ẹ́. Gìtá wà níbẹ̀. Ohùn bàbá wà níbẹ̀. Mo dúró de ẹkún mi. Mo dúró títí orin fi parí. Kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi yọ wáyà kọ̀ǹpútà, ó gbé e lọ sílé, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

"Tí nǹkan kan bá wà níbẹ̀ lọ́la," ó ní, "màá bẹ̀ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, a jọ gbé kọ̀ǹpútà padà, a sì ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán. Fáìlì tuntun wà nísàlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́.

Bàbá kọrin mi tán. Ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ tó ti ọmọ ọdún mẹ́rin.

"Bàbá, ta ni mo tẹ̀lé?"

Okùn gìtá kan dún fúnra rẹ̀.

"Kò sí," bàbá mi fèsì. "Ìwọ nìkan ni mo bí."

Ó parí síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò bẹ̀ mí. Kò pè mí ní òpùrọ́ náà. Ó kàn gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Ó tó. Mo ní màá jẹ́wọ́. Òótọ́ ni ti ewúrẹ́. Òótọ́ ni ti ẹkún mi tó lọ. Ìdáhùn bàbá mi ni mo yí. Ká ní ohun tí mo kọ yẹn ló sọ ni, ìbá dun àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ọmọ náà bi í ní tòótọ́ pé, "Bàbá, ta ni mo tẹ̀lé?" Bàbá mi ò tilẹ̀ ronú. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó máa ń rín sí mi.

"Pẹ́pẹ́yẹ lo tẹ̀lé, ọmọ mi."