Yunifásítì Tí Ìlara Yàn

“Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín jẹ,” ni olùkọ́ ìṣirò owó wí fún àwọn ọmọbìnrin méjì tó jókòó níwájú rẹ̀. “Ẹ béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wà ní kíláàsì kan. Ẹ béèrè bóyá àwọn iléeṣẹ́ ńlá máa ń wá mú wọn lọ kọ́ṣẹ́. Ẹ béèrè ibi tí àwọn tó ti jáde ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ibi tí ìdáhùn bá ti dára ni kí ẹ lọ.”

Èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú wọn ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní Ọ̀gá, nítorí pé kò sẹ́ni tó gba ipò kìíní mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Èkejì ni Jẹ́jẹ́, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin. Ìyá Jẹ́jẹ́ ti kú nígbà tó wà ní kékeré, bàbá Ọ̀gá ló sì mú un sọ́dọ̀. Télọ̀ ni bàbá náà. Orí tábìlì tó fi ń gé aṣọ ni àwọn ọmọ méjèèjì ti ń kàwé, Ọ̀gá ló sì máa ń ṣàlàyé ìṣirò fún Jẹ́jẹ́ títí yóò fi yé e.

Ọ̀gá wádìí dáadáa. Ó rí yunifásítì kékeré kan tí àwọn ènìyàn kì í sábà dárúkọ. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rí láwọn iléeṣẹ́ tó ń yẹ ìwé owó àwọn oníṣòwò wò, wọ́n sì máa ń rán gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dún kẹta. Ó pinnu pé ibẹ̀ lòun ń lọ.

Àmọ́ nígbà tí èsì ìdánwò àṣekágbá jáde, Jẹ́jẹ́ ló ṣe ipò kìíní nínú ìṣirò owó. Àwọn ará àdúgbò rọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù.

“Jẹ́jẹ́ yìí náà?” ni aládùúgbò kan wí. “Gbogbo ìgbà tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn, àṣé ìṣirò ló ń ṣe nínú ikùn.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ètè lásán ni. Ó rí bí bàbá òun ṣe gbé ọwọ́ lé èjìká Jẹ́jẹ́, inú rẹ̀ sì gbóná bí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n gbàgbé sórí aṣọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Jẹ́jẹ́ wá bá a. “Ẹ̀gbọ́n mi, yunifásítì tí ẹ̀ ń lọ yẹn lèmi náà fẹ́ lọ. A ó jọ gba yàrá kan.”

“Èmi ò lọ síbẹ̀ mọ́,” ni Ọ̀gá dáhùn. “Ibi kékeré yẹn kò gba irú mi. Yunifásítì ńlá ni mò ń lọ.”

Kò tilẹ̀ rò ó kó tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ti jáde lẹ́nu rẹ̀, ó dùn mọ́ ọn. Yunifásítì ńlá lórúkọ. Bí wọ́n bá dárúkọ yunifásítì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tòun ni wọn ó máa kọ́kọ́ béèrè. Nígbà tí olùkọ́ wọn gbọ́, ó bi í bóyá wọ́n dáhùn àwọn ìbéèrè ọjọ́sí dáadáa níbẹ̀.

“Wọ́n lórúkọ, mà,” ni Ọ̀gá wí.

Yunifásítì ńlá kò burú, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti ibẹ̀ di ènìyàn. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ níbẹ̀ débi pé ojú fèrèsé ni Ọ̀gá ti máa ń dúró gbọ́ ẹ̀kọ́. Kò sí olùkọ́ kan tó mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tó tó àkókò láti kọ́ṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló wá ibi tí yóò ti kọ́ ọ kiri, ilé ìtajà ọ̀dà kan ló sì gbà á. Tẹlifóònù ni wọ́n ní kó máa dáhùn.

Lákòókò yẹn kan náà, wọ́n rán Jẹ́jẹ́ lọ sí iléeṣẹ́ ńlá kan. Iṣẹ́ rẹ̀ wù wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ fún un pé kó padà wá gba iṣẹ́ tó bá ti jáde. Àwòrán rẹ̀, pẹ̀lú káàdì iléeṣẹ́ lọ́rùn, ni bàbá ń fi han gbogbo oníbàárà. Nígbà tí Ọ̀gá wá sílé fún ìsinmi, ó gba fóònù lọ́wọ́ bàbá, ó sì tẹjú mọ́ àwòrán náà.

“Bàtà yẹn kò bá aṣọ mu,” ló wí.

Bàbá rẹ̀ wò ó. “Bàtà lo rí?”

Lọ́dún tí Ọ̀gá jáde, Jẹ́jẹ́, tó ti wọṣẹ́ nígbà náà, pè é. “Ẹ̀gbọ́n mi, iléeṣẹ́ wa ń wá ènìyàn sí i, láti yunifásítì yòówù. Mo ti sọ̀rọ̀ yín fún wọn. Ẹ ṣáà wá.”

Ọ̀rọ̀ náà gún Ọ̀gá bí abẹ́rẹ́. Jẹ́jẹ́ ló wá ń báni wáṣẹ́! Síbẹ̀, ojú bàbá ti ń di bàìbàì, aṣọ tó ń rán sì ti dín kù. Ó lọ.

Ènìyàn mẹ́ta ló fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò nínú yàrá onígíláàsì kan. Kò sí ìbéèrè tí kò dáhùn. Obìnrin olórí-ewú tó jẹ́ aṣáájú wọn ń mi orí, inú rẹ̀ dùn. Nígbà náà ni Ọ̀gá rí Jẹ́jẹ́ tó ń kọjá lọ lẹ́yìn gíláàsì, tí ẹnì kan ń bá a ṣàwàdà, tí méjèèjì ń rẹ́rìn-ín.

“Ṣé o mọ ẹnikẹ́ni níbí?” ni obìnrin náà bi í.

“Mo mọ ọmọ tó kọjá yẹn,” ni Ọ̀gá wí. “Ilé kan náà la ti dàgbà. Kí n má parọ́ fún yín, mà, èmi ni mo máa ń bá a ṣiṣẹ́ rẹ̀. Kò lè dá nǹkan ṣe.”

Ẹyin lohùn. Bó ti balẹ̀ báyìí ló fọ́.

Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. “Òun sọ fún wa pé ìwọ lo kọ́ òun ní ìṣirò owó. Ó ní bí a bá gbà ọ́, àwa la jèrè.” Ó pa ìwé iwájú rẹ̀ dé. “Yàrá kan ni àwa márùn-ún, mẹ́fà, máa ń wà bá a bá ń yẹ ìwé oníbàárà wò. A gbọ́dọ̀ lè fọkàn tán ara wa. O mọ iṣẹ́, ọmọ mi, ṣùgbọ́n a ò lè gbà ọ́.”

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ wá sílé lópin ọ̀sẹ̀, Ọ̀gá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pa mọ́.

“Kí ni mo ṣe fún yín?” ni Jẹ́jẹ́ béèrè.

“O ò ṣe nǹkan kan. Ìlara ni.”

“Ó dùn mí, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò ní ṣe bí ẹni pé kò dùn mí.” Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá tí kò pe Ọ̀gá.

Bàbá kò pariwo. Ó kàn fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó ní, “Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Ta ló sọ fún ọ pé tìẹ ti kún?”

Ọ̀gá rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì oníṣirò owó kékeré kan, lẹ́yìn ilé ìtajà oògùn. Ó gbájú mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ pé Jẹ́jẹ́ ti yege nínú ìdánwò àwọn àgbà oníṣirò owó. Inú rẹ̀ tún fẹ́ gbóná, ó mọ̀ ọ́n lára. Ó gbé fóònù kí ó tó gbóná tán.

“Jẹ́jẹ́, o kú oríire. Ó tọ́ sí ọ.”

Jẹ́jẹ́ wí pé, “Ẹ ṣé. Ìgbà wo lẹ̀yin náà máa ṣe tiyín?”

Ẹ̀yin ọmọ tó ń yan ibi tí ẹ ó ti kàwé, ibi tó bá yín mu ni kí ẹ yàn, kì í ṣe ibi tí ẹ ó ti fi ga ju ẹnìkejì yín lọ. Ìlara kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí à ń ṣe é sí. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ló ti máa ń gbà á.