Ìyàwó Di Búrẹ́dì

"Naftali, lẹ́tà ni mo ní kí o fò lé, kì í ṣe ẹsẹ̀ mi!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tirza, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń kọ́ wọn, ń fi ẹsẹ̀ kan tiro. Ṣọ́ọ̀kì ló fi kọ lẹ́tà Hébérù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá ẹ̀yìn sínágọ́gù wọn ní Mánṣẹ́sítà. Bó bá ti pe ọ̀kan, àwọn ọmọ ọdún méje á fò lé e bí ọ̀pọ̀lọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ló kù tí wọn yóò kàwé níwájú àwọn òbí. Bí wọ́n bá kọsẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Grynbaum, olórí ilé ẹ̀kọ́, ti búra pé eré fífò parí nìyẹn.

Ara Tirza ò balẹ̀. Ó jókòó, ó dìde, ó bọ́ bàtà, ó tún un wọ̀. Ló bá lọ ṣe fótókọ́pì, kí ló rí lórí ẹ̀rọ? Ojú ìwé tí wọn yóò kà gan-an, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rí kí ọjọ́ tó pé, tí Ọ̀gbẹ́ni Grynbaum gbàgbé síbẹ̀! Ọkàn rẹ̀ ní, "Má wò ó." Kí ọkàn tó sọ̀rọ̀ tán, ojú ti kà á tán.

Ó nu ṣọ́ọ̀kì kúrò nílẹ̀. Ó sọ ojú ìwé náà dorin.

"Àǹtí Tirza, a ò ní fò mọ́ ni?"

"Ẹnu yín ni kí ẹ máa fi fò!"

Ọjọ́ pé. Naftali gbé ìwé, ó kà á geere bí omi òjò. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀ nu omijé. Ọ̀gbẹ́ni Grynbaum sún mọ́ ọn.

"Ọmọ mi, o káre. Àmọ́ kí ló dé tí o dorí ìwé kodò?"

"Háà, Tíṣà! Ìwé náà lórí ni?"

Ọ̀gbẹ́ni Grynbaum kọ ọ̀rọ̀ Hébérù méjì sórí káàdì: ìyàwó ti dé. Lẹ́tà kan níbẹ̀ ní àmì tóótó níkùn. Bí o bá rí àmì náà, "kalá" ni, ìyàwó. Bí o bá fò ó, ó di "halá", búrẹ́dì Sábáàtì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ oko yàtọ̀ sí ọkọ, ó yé yín.

Naftali gba káàdì, ó kà á: "Halá ti dé!"

"Búrẹ́dì dà?" Ọmọ méjì ti wọ abẹ́ tábìlì lọ wá a.

"Ìyàwó ló dé!" ni Ọ̀gbẹ́ni Grynbaum ké.

"Ìyàwó ta ni?" ni bàbá kan dáhùn lẹ́yìn. "Tèmi ti dé tipẹ́ o!"

Ẹ̀rín sọ. Naftali nìkan ni kò rẹ́rìn-ín; ó yíjú sí Tirza. "Àǹtí, mo sáà kọ́ ọ sórí bí ẹ ṣe wí."

Tirza ì bá sọ pé ọmọdé ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ó dìde.

"Ẹ má bá a wí, sà. Mo rí ojú ìwé yẹn lórí ẹ̀rọ. Èmi ni mo há a sí wọn lẹ́nu."

Ọ̀gbẹ́ni Grynbaum na káàdì náà sí Bluma, ọmọ kíláàsì wọn kan, tí ikọ́ ti dè mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò gbọ́ orin kankan, tó jẹ́ pé eré fífò nìkan ló mọ̀. Bluma tẹjú mọ́ ọn, ó ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ lẹ́tà kan, lẹ́tà kan.

"Ka... lá. Kalá ti dé."

Ọ̀gbẹ́ni Grynbaum mí kanlẹ̀. "Eré ò ní lọ. Tirza ni yóò lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni eré borí, tí eléré ṣubú. Ẹlòmíràn gba kíláàsì náà. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Tirza ń jókòó ti Naftali, tí wọ́n ń wá àmì tóótó kiri inú ìwé. Ẹni tó bá kọ́ ọmọ ní ohun tí yóò sọ nìkan, ẹnu ló yá a lò. Ẹni tó bá kọ́ ọ ní kíkà ló fún un lójú.