Ẹ̀kọ́ Tí Àjíṣọlá Kọ́ Ameenat

Ìjà ni Ameenat àti Àjíṣọlá fi pàdé, nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkẹjà, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń kóra jọ kí oníṣòwò lè mọ oníṣòwò. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe páálí ní Ọ̀rẹ́gùn ló rán Ameenat wá. Ọ̀gá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé bó bá tún padà lọ́wọ́ òfo, kó máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀, Ameenat ò lè sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Ó fara ti ògiri, ó di ife ẹlẹ́rìndòdò mú gírígírí.

Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú wá dúró níwájú rẹ̀. "Sìsítà, ẹni tó bá ń bá ògiri sọ̀rọ̀, ògiri náà ni yóò ra ọjà rẹ̀."

"Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀?"

"Káàdì ọrùn rẹ ni. Páálí lo ń tà, páálí lèmi náà ń tà, ní Àgídìngbì. Gbogbo ẹni tó yẹ kó o kí ni mo ti bá ẹ kí tán."

"Oníranù!" Ameenat gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Ẹkún ló sun nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá títí dé ilé ìyá rẹ̀ ní Agége.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà, Àjíṣọlá, pè é lórí fóònù ọ́fíìsì rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹnu mi ló gùn." Ameenat gé fóònù mọ́ ọn létí. Ó tún pè, ó tún bẹ̀, títí ẹ̀rín fi bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà láìròtẹ́lẹ̀.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ọjọ́ Sátidé bá pé, wọn á jókòó sí ilé oúnjẹ kan ní Àgídìngbì, Àjíṣọlá á máa kọ́ ọ.

"Má dúró de kí wọ́n wá bá ẹ. Wo ibi tí èèyàn méjì bá ti dákẹ́, kó o lọ síbẹ̀. Sọ orúkọ rẹ kó ṣe kedere. Béèrè iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ wọn, kó o wá dákẹ́, kó o gbọ́. Kò sẹ́ni tí kì í fẹ́ ròyìn ara rẹ̀."

Á wá ṣe bí oníbàárà, á fajú ro bí olówó tí ebi ń pa, Ameenat á kí i, àwọn méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tó fi ń pè é ní Àwẹ̀ró mi, ìfẹ́ mi. Kò pẹ́ tó fi dárúkọ yìgì.

Inú ìyá Ameenat, Àlàájà Sìlífátù tó ń rán aṣọ iléèwé, dùn débi pé ó ṣe sàárà. Ṣùgbọ́n Tàjúdéènì, ẹ̀gbọ́n tó tọ́ Àjíṣọlá dàgbà, yọ ṣùtì. "Obìnrin tó ń bá ọkùnrin tàkúrọ̀sọ kiri òtẹ́ẹ̀lì? Ìyàwó ilé ta nìyẹn?"

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ìpàdé tún wáyé ní Àlàúsá. Ameenat rí obìnrin kan tó jókòó jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀. Àyà rẹ̀ já, àmọ́ ó lọ.

"Ẹ káàsán, mà. Ameenat lorúkọ mi. Irú iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, mà?"

Ìyáàfin Ọlárónkẹ́ ni, òun ló ń ra ọjà fún ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì ńlá kan. Ó ní bí òjò bá ti dé, páálí á rọ̀, bísíkíìtì á bàjẹ́. "Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta páálí bíi tìrẹ ń dà mí láàmú láti èṣí, kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dópin rí. Wá bá mi ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé."

Ameenat ò tíì dáhùn tí Àjíṣọlá fi dé, ojú rẹ̀ ti le koko.

"Mà, ẹ má jẹ́ kó tàn yín o! Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń la ẹnu. Ẹ̀rù èèyàn ló ń bà á tẹ́lẹ̀!"

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Ameenat ò wolẹ̀. "Òótọ́ ni, mà. Òun ló kọ́ mi. Ó ní kí n béèrè, kí n sì gbọ́."

"Ọjọ́ Ajé o, Ameenat," ni obìnrin náà wí. Kò wo Àjíṣọlá rárá.

Níta, Àjíṣọlá bú u. "Olè! Oníbàárà mi lo jí!"

"O ò sọ fún mi rí pé ò ń wá a. Bí o bá tiẹ̀ sọ ọ́, ṣé bó ṣe yẹ kó o ṣe mí lójú èrò nìyẹn?"

Àjíṣọlá ti lọ kó tó sọ ọ́ tán.

Ní ọjọ́ Àìkú, òun àti Tàjúdéènì wá sílé Àlàájà. Tàjúdéènì ò tilẹ̀ mu omi. "Màmá, àbúrò mi ṣì fẹ́ ọmọ yín. Ṣùgbọ́n kó má dé ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn lọ́la, kó sì fi iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì yẹn sílẹ̀."

"Ó ti gbọ́," ni Àlàájà yára wí. "Àbí, Ameenat?"

Ameenat kọjú sí Àjíṣọlá. "Ṣé bí ìwọ náà ṣe fẹ́ nìyẹn, àbí bí Bọ̀dá ṣe fẹ́?"

Àjíṣọlá ń wo kápẹ́ẹ̀tì. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Àwẹ̀ró. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa wọ ibi tí wọ́n á ti máa kí ìyàwó mi kí wọ́n tó kí mi."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ameenat lọ́kàn, nítorí ó mọ̀ pé kò parọ́.

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n mo máa lọ lọ́la."

Tàjúdéènì pòṣé, ó dìde. "Ká máa wo ẹni tó máa fẹ́ ẹ!" Àjíṣọlá tẹ̀ lé e. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó lọ.

"O lé ọkọ jáde nílé mi," ni Àlàájà wí. Ó kẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀, ó ń ká aṣọ iléèwé tó ti ká tẹ́lẹ̀.

Ameenat tẹ́tí sí ìró ọkọ̀ wọn títí tó fi rá. Ìgbà náà ló jókòó sílẹ̀, tó bú sẹ́kún, tó ń pe orúkọ Àjíṣọlá.

Ìyá rẹ̀ jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn. Nígbà tó yá, ó gbé omi tútù wá nínú abọ́, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ ò tíì rọ̀.

"Bọ́jú rẹ," ló wí. "O ò lè gbé ojú tó wú lọ síwájú obìnrin yẹn lọ́la."