Wáyà Bíréèkì Méjì

"Fi wáyà yẹn pamọ́ jàre! Ó rí bí ìfun adìẹ." Aláfẹ́ gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó yínmú.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Mo-Ti-Mọ̀, wo kẹ̀kẹ́ tó wà níwájú rẹ̀. Kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ kọ́ ọ tí kò ní dáhùn pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú ìnagijẹ fún un. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí àdúgbò wọn ló ni kẹ̀kẹ́ agunkè náà. Orúnkún ń dùn ún, ilé ìgbẹ̀bí wà nísàlẹ̀ òkè, ló bá ní kí ìyá Mo-Ti-Mọ̀, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, de ẹ́ńjìnì oníná mọ́ ọn. Ìyá Oníkẹ̀kẹ́ ti tú pẹ́dà, ó ti ẹ́ńjìnì bọ ihò tó wà láàárín pẹ́dà méjèèjì, ó fi sípánà fún un títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Ó de bátìrì mọ́ irin. Ó wá ku wáyà tín-ín-rín méjì, ti bíréèkì.

"So àwọn yìí," ló wí kó tó lọ ra táyà. "Àwọn ló ń pa ẹ́ńjìnì lẹ́nu mọ́ téèyàn bá tẹ bíréèkì. Tí o bá so wọ́n tán, gùn ún sọ̀ kalẹ̀ òkè yìí fúnra rẹ. O mọ òfin ṣọ́ọ̀bù wa."

"Mo ti mọ̀, Màmá. Ẹni tó bá so ó ló ń kọ́kọ́ gùn ún."

Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Mímọ̀ kò ṣòro. Ṣíṣe ni bàbá ìṣòro.

"Ṣé ẹ́ńjìnì ò ní ṣiṣẹ́ láìsí wáyà yẹn ni?" Aláfẹ́ bi í.

"Á ṣiṣẹ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kí lo wá ń wò bí ewúrẹ́ tí òjò pa? Wọ́n á fi wá ṣẹ̀sín nínú fídíò tí mo fẹ́ yà yìí o!"

Mo-Ti-Mọ̀ fa róbà pupa kúrò nínú irun rẹ̀, ó fi di wáyà méjèèjì sábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ó gùn ún yí ilẹ̀ pẹrẹsẹ iwájú ṣọ́ọ̀bù ká, Aláfẹ́ ya fídíò. Wọn ò tíì wò ó tán tí nọ́ọ̀sì fi dé.

"Ó ti parí? Ẹ ṣeun o. Ṣé ẹ ti gùn ún sọ̀ kalẹ̀ òkè wò?"

Bí Mo-Ti-Mọ̀ bá ní rárá, á ní láti tú róbà náà, kó so wáyà níṣojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"A ti gùn ún, mà."

Irọ́ náà kò wúwo lẹ́nu rárá. Nọ́ọ̀sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ kí Ìyá Oníkẹ̀kẹ́ tó dé.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú báńdéèjì líle lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọkọ rẹ̀ ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn.

"Mo dá ẹsẹ̀ dúró, mo tẹ bíréèkì, ẹ́ńjìnì ṣì ń tì mí lọ! Inú gọ́tà ló gbé mi sí. Ìyá Oníkẹ̀kẹ́, ọwọ́ tí mo fi ń gbẹ̀bí rèé!"

Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń kọjá dúró wòran. Ìyá Oníkẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ó fa nǹkan pupa kan yọ. Ó ki nǹkan náà bọ àpò, ó sì kúnlẹ̀ nínú eruku tòun ti ṣòkòtò iṣẹ́.

"Ẹ foríjì mí, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ṣọ́ọ̀bù mi ni. Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Ẹ̀yin tí mo ń yìn fún gbogbo ayé!"

Mo-Ti-Mọ̀ wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó ń yọjú wò wọ́n. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Níbí, ọwọ́ tí kò ṣẹ̀ ló kán, orúnkún tí kò ṣẹ̀ ló wà nílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lọ tán, ìyá rẹ̀ fi róbà pupa sórí tábìlì níwájú rẹ̀.

"Irun rẹ ti tú," ló wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́.

Ìbá kúkú gbá a létí! Mo-Ti-Mọ̀ fọ ṣòkòtò iṣẹ́ ìyá rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Eruku orúnkún méjèèjì bọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń rí i níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ sílé ìgbẹ̀bí. Nọ́ọ̀sì jókòó, ó ń fẹnu júwe iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe mọ́ fún ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀.

"Màmá mi kọ́, mà. Èmi ni mi ò so wáyà. Mo purọ́ fún yín."

"Ìyá rẹ ló rán ọ?"

"Rárá, mà."

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ òsì fà á lápá. "Dìde. Ìyá rẹ kúnlẹ̀ ní gbangba, ìwọ wá ń kúnlẹ̀ ní kọ̀rọ̀? Ó mà rọrùn o! Lọ síbi tó kúnlẹ̀ sí, kí o tún un sọ."

Nígbà tí ilé ìwé jáde, Mo-Ti-Mọ̀ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Aláfẹ́ fà á láṣọ.

"Dákẹ́! Ta ló bi ọ́?"

"Orúnkún màmá mi ló bi mí."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ lóhùn rara. Ẹnì kan kígbe pé, "Mo-Ti-Mọ̀ tí kò mọ nǹkan kan!" Ẹ̀rín ta. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ ń gbóná bí irin tó wà nínú iná. Ìyá rẹ̀ jáde, ó na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ nọ́ọ̀sì.

"Wáyà ló kù."

Mo-Ti-Mọ̀ so wọ́n, ó fi wọ́n sílẹ̀ síta kí gbogbo ayé rí wọn. Ó gùn ún sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ bíréèkì, ẹ́ńjìnì dákẹ́ wẹ́lo. Ó gùn ún padà gòkè.

"Ó dákẹ́?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Ó dákẹ́, Màmá."

"Ó dáa."

Títí ọwọ́ nọ́ọ̀sì fi san, Mo-Ti-Mọ̀ ló ń bá a gbé báàgì sọ̀ kalẹ̀ òkè láràárọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ o: ọ̀rẹ́ tó ní kí o fi iṣẹ́ pamọ́ nítorí ẹ̀sín, kò ní bá ọ jẹ ẹ̀sín nígbà tó bá dé. Aláfẹ́ kò tíì kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí dòní. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ ló ń kúnlẹ̀ fún ìwà rẹ. Nítorí náà, ṣe iṣẹ́ rẹ láṣepé, kí orúnkún onítọ̀hún lè sinmi.