Àrá Wọ Ilé Iṣẹ́ Rédíò

Abẹ́rẹ́ orí ẹ̀rọ, èyí tó ń fi bí ohùn ṣe lọ sókè tó hàn, fò wọ ibi pupa, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ọkùnrin tó jókòó sídìí ẹ̀rọ náà já ohun ìgbọ́rọ̀ kúrò létí kíá. Nígbà tí etí rẹ̀ ṣíwọ́ híhó, ó gbójú sókè wo yàrá kejì láti ara gíláàsì. Obìnrin gíga kan ló dúró síwájú máìkì nínú aṣọ eré ìdárayá aláwọ̀ ewé, ó ya ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife. Ìdánrawò lásán ni, kò sì ṣe ju pé ó kí àwọn olùgbọ́ káàárọ̀ lọ.

Ọkùnrin náà dìde, ó wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń wá ìwé nínú ilé ìkàwé lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ta ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Àwọn ará ìlú."

"Níbo ni wọ́n wà?"

Obìnrin náà rò ó díẹ̀. "Níbi gbogbo."

"Ẹnì kan ṣoṣo ni, mà. Ó wà nílé, ó ń lọ aṣọ, rédíò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá tún kí i báyẹn, aṣọ á jóná mọ́ ọn lọ́wọ́."

Obìnrin náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́sàn-án tí ẹnì kan ti ní kó rẹ ohùn sílẹ̀ kẹ́yìn. Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló jáde, ẹ̀rín náà sì tún gbé abẹ́rẹ́ wọ ibi pupa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kù nídìí ẹ̀rọ láti rí i.

Àrá ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ife ẹ̀yẹ họ́kì orí pápá. Tó bá fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tó ń ṣọ́lé kì í sábà rí i kọjá; ìró rẹ̀ lára pákó ẹ̀yìn ilé bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń mọ̀ pé góòlù ti wọlé. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ òsì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, dókítà ya orúnkún náà sórí pépà fún un, ó sì fa ìlà gbọọrọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí olùkọ́ tó parí ìṣirò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Àrá fi jókòó sílé tó ń bá tẹlifíṣọ̀n jà, kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ rédíò, obìnrin kan tí kì í bọ́ ìgò ojú rẹ̀, tó pè é pé kó wá máa sọ̀rọ̀ eré ìdárayá ní gbogbo Sátidé.

Ọkùnrin ìdí ẹ̀rọ ní tirẹ̀, Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ tí iná sọ nínú ilé ìdáná ilé iṣẹ́ wọn, ńṣe ló kan ilẹ̀kùn ọ̀gá, tó dúró kí wọ́n ní kó wọlé, kó tó sọ fún wọn.

Òun ni ọ̀gá ní kó kọ́ Àrá níṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni Jẹ́jẹ́ ń mú un lọ síbi fèrèsé àjà kẹta, tí á ní kó máa ròyìn ohun tó bá rí ní òpópónà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, "mà" ti bọ́ kúrò láàárín wọn.

"Ọkùnrin kan ń fi ẹ̀yìn mọ́tò wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí," ni Àrá wí lọ́jọ́ kan. "Ìyàwó rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀, ó ń darí rẹ̀. Ó ní kó máa bọ̀. Ó ní kó máa bọ̀. Ó ní..." Ó dákẹ́.

"Má dákẹ́. Olùgbọ́ rẹ ò ríran dé ibẹ̀."

"Ó ti kan ògiri."

"Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó ń wo ibòmíràn. Ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ ọkùnrin náà rí."

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín títí tó fi di etí fèrèsé mú. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ sáré yọjú wò ó, nítorí kò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí lórí àjà náà.

Láti ọjọ́ yẹn, Àrá bẹ̀rẹ̀ sí í dé ibi iṣẹ́ ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú àkókò. Jẹ́jẹ́, tó jẹ́ pé iwájú ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ló máa ń lọ̀ tẹ́lẹ̀, wá ń lọ ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n jọ dúró de ọkọ̀, Jẹ́jẹ́ tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀, ó ní, "Mo fẹ́ràn rẹ."

"O ní kí ni?"

Ó tún un sọ. Àrá ti gbọ́ ti àkọ́kọ́ dáadáa. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì ni.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ tó dé orí afẹ́fẹ́, ọ̀gá bi í pé ọjọ́ wo ló dùn ún jù nínú gbogbo eré tó ti gbá. Àrá kò rò ó rárá. Ó ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni, nínú àṣekágbá: òun gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ni rẹfirí bá fọn fèrè pé ó ti kọ́kọ́ kan òun lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ kan bọ́ọ̀lù nínú họ́kì. Góòlù di òfo. Òun jiyàn, wọ́n lé òun jáde, ife sì lọ.

"Ojú wà lórí rẹfirí yẹn o," ni Àrá wí. "Ṣùgbọ́n ojú ọ̀ṣọ́ ni. Wọ́n kàn fi síbẹ̀ kí iwájú orí má bàa ṣófo ni."

Fóònù ilé iṣẹ́ kò sinmi lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá ní àwọn olùgbọ́ fẹ́ ìtàn Rẹfirí Ojú-Ọ̀ṣọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà tí òótọ́ sì tán lọ́wọ́ Àrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hùmọ̀ tirẹ̀. Ojú-Ọ̀ṣọ́ kí òpó ilé bọ́ọ̀lù káàárọ̀. Ojú-Ọ̀ṣọ́ fún igi ní káàdì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àwọn onígbàjámọ̀ àti àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ti ń sọ ọ́ láàárín ara wọn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ ni, nídìí ẹ̀rọ. Bàbá rẹ̀ ni Ojú-Ọ̀ṣọ́.

Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ó ṣì máa ń lọ kọ́ àwọn rẹfirí tuntun ní pápá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún yẹn, ẹnì kan pè é ní Ojú-Ọ̀ṣọ́ láti orí ìjókòó àwọn òǹwòran. Bàbá ti fèrè rẹ̀ bọ àpò, ó lọ sílé, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Ó yẹ kí Jẹ́jẹ́ ti sọ fún Àrá tipẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ la ẹnu, Àrá á ti máa rẹ́rìn-ín, òun á sì padà sídìí wáyà rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wá dójú egungun, èyí tó burú jù ló ṣe: ó ní kí Àrá wá kí bàbá òun lọ́sàn-án Sọ́ńdè, kò sì sọ fún ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì ẹni tí èkejì jẹ́. Ó rò pé bí wọ́n bá ti rí ara wọn, ọ̀rọ̀ á yanjú fúnra rẹ̀. Ó gbọ́n nínú ọ̀rọ̀ wáyà. Ti èèyàn ò yé e tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ga, ó gbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì nà ṣánṣán. Àrá ti dá a mọ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ wọlé.

"Ẹ káàsán, sà," ni Àrá wí.

"Ẹ káàsán. Ẹ wọlé," ni bàbá dáhùn. "Ojú mi ṣì ríran dé ẹnu ọ̀nà."

Jẹ́jẹ́ wo ilẹ̀.

Wọ́n jókòó ti tíì àti búrẹ́dì. Bàbá bu tíì fún àlejò, ó po ṣúgà mọ́ ọn dáadáa, lẹ́yìn náà ló yọ ìwé kékeré kan lápò.

"Mo máa ń gbọ́ ètò yín," ó wí. "Ní Sátidé kejì, ẹ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni ẹni tó gba káàdì aláwọ̀ ewé máa lò níta. Méjì ni. Ní ìkẹta, ẹ ní mo kí òpó káàárọ̀. Ọ̀sán la gbá eré yẹn." Ó ṣí ojú ìwé mìíràn, kò sì kà á. "Ẹ jẹ́ n bi yín ní ẹyọ kan. Bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà, ṣé ó kàn yín lẹ́sẹ̀ àbí kò kàn yín?"

Àrá gbé ife tíì kalẹ̀. "Kò kàn mí, sà."

Bàbá wò ó pẹ́. Kò jiyàn. "Ó dáa," ni gbogbo ohun tó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́tà pa búrẹ́dì tí ẹnì kankan ò ní jẹ.

Àrá ò tíì dé ìsàlẹ̀ òpópónà tó fi yíjú sí Jẹ́jẹ́.

"O mọ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lo fi ń wò mí láti ẹ̀yìn gíláàsì, o sì mọ̀ pé bàbá rẹ ni."

"Mo mọ̀. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo gbà á."

"O gbà pé irọ́ ni mo pa fún wọn?"

"Àyànfẹ́ mi, ohùn ni mò ń gbọ́ jẹun. Mo ti gbọ́ tìrẹ nígbà tó o bá ń bínú, mo ti gbọ́ ọ nígbà tébi bá ń pa ọ́. Èyí tó o fi dá bàbá mi lóhùn lónìí, mi ò gbọ́ ọ rí."

Àrá kúrò níwájú rẹ̀. Orúnkún ń dùn ún, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ló fi rìn délé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn ò fi bá ara wọn sọ ju ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ. "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" "Mò ń gbọ́ yín." "Ẹ" ti padà sáàárín wọn bí àlejò tó gbàgbé fìlà. Nígbà tí ọ̀gá béèrè ìtàn Ojú-Ọ̀ṣọ́, Àrá ní òun ti sọ ọ́ tán.

Ohun tí Àrá mọ̀ rèé, tí kò sì tíì sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan: bọ́ọ̀lù yẹn kàn án. Ó mọ̀ ọ́n lára láti inú bàtà. Ṣùgbọ́n kó tó ráyè ronú, góòlù ti wọlé, obìnrin mẹ́wàá sì ti fò mọ́ ọn. Nígbà tí fèrè dún, "rárá" ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti wá tún un sọ fún ọdún mẹ́jọ, débi tí òun náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́, àfi ìgbà tí àgbàlagbà kan bi í wọ́ọ́rọ́wọ́ nídìí tíì.

Ní Sátidé kẹta lẹ́yìn ìjà wọn, ọ̀gá kọ ọ́ sórí pépà, ó tì í síwájú rẹ̀: Ojú-Ọ̀ṣọ́ dà? Àrá kà á. Ó yí pépà náà dé, ó sì sún mọ́ máìkì.

"Ẹnì kan wà nílé tó ń gbọ́ mi báyìí," ó wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi tí Jẹ́jẹ́ fi ní láti bá a gbé e sókè lórí ẹ̀rọ. "Ẹ̀yin lẹ fọn fèrè lọ́jọ́ náà, sà. Ẹ bi mí ní ìbéèrè kan nílé yín, mo purọ́ fún yín. Bọ́ọ̀lù yẹn kàn mí. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ó rọrùn fún mi ju kí n sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé èmi ni mo sọ ife nù. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú."

Ọ̀gá ń juwọ́ sí Jẹ́jẹ́ pé kó fi orin sí i. Jẹ́jẹ́ wo ọwọ́ náà, ó wo ẹ̀rọ, ó sì ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Ẹni tó ń ṣọ́lé nínú ẹgbẹ́ Àrá àtijọ́ ló kọ́kọ́ pè. "Àrá, àwa mẹ́wàá tó kù ti mọ̀ tipẹ́," ó wí. "À ń retí ọjọ́ tí ìwọ náà máa mọ̀ ni."

Kò ju ààbọ̀ wákàtí lọ lẹ́yìn ètò náà tí bàbá fi gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta nínú kóòtù. Ó kọ ìjókòó.

"Mo gbọ́," ó wí fún Àrá. "Ó kù kí n sọ tèmi. Mi ò rí i."

"Kí lẹ ò rí, Dádì?" ni Jẹ́jẹ́ béèrè.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan sáré gba iwájú mi kọjá. Ojú Àrá ni mo rí. Ó dà bí ojú ẹni tó ṣèèṣì tẹ ológbò mọ́lẹ̀. Ni mo bá fọn fèrè." Ó tún kọ́là kóòtù rẹ̀ ṣe. "Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń rò ó. Nígbà tí ẹ ní kò kàn yín, mo ní mo ti ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́."

Àrá fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló gbà á. Bàbá gbìyànjú láti fi ojú le, kò ṣeé ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀gá, tí inú ṣì ń bí, fi yọjú wá béèrè ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún un.

Ní Ọjọ́bọ̀, bàbá padà sí pápá, Àrá sì bá a lọ. Àwọn òǹwòran rí Àrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pè é ní Ojú-Ọ̀ṣọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n kó tó di Ọjọ́bọ̀ náà, lọ́sàn-án Sátidé tí Àrá tọrọ àforíjì lórí afẹ́fẹ́, Jẹ́jẹ́ ló sin ín dé ibùdókọ̀.

"Ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi?"

"Èwo ni 'ẹ'?"

"Ṣé o ṣì ń bínú sí mi?"

"Díẹ̀. Tó o bá tún ní ọ̀rọ̀ tó kàn mí, sọ ọ́. Kódà tó bá jẹ́ pé mò ń rẹ́rìn-ín."

"Màá dá ẹ̀rín náà dúró."

"Fi sùúrù dá a dúró o," ni Àrá wí, ó sì fi èjìká gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, Àrá kó lọ sí ilé tuntun kan nítòsí ibi iṣẹ́. Jẹ́jẹ́ ń bá a gbé kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ lọ sókè: òun fà á lókè, Àrá tì í nísàlẹ̀. Níbi tí àtẹ̀gùn ti yí, ó há. Màmá àgbàlagbà kan tó ń gbé lókè pátápátá dé láti ọjà, ó dúró sẹ́yìn Àrá pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́.

"Yí i sọ́tùn-ún," ni Àrá wí.

"Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan," ni Jẹ́jẹ́ wí láti òdìkejì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Yí i sọ́tùn-ún ná."

Ó yí i. Kọ́bọ́ọ̀dù ò mira. "Ó tóbi jù fún ẹnì kan," ó wí. "Mo ní bóyá ká jọ máa lò ó."

"Aṣọ rẹ lo fẹ́ kó síbẹ̀?"

"Aṣọ mi, àti èmi náà. Mo fẹ́ ká fẹ́ra, ìfẹ́ mi. Mo fẹ́ ká wà papọ̀ títí ayé."

Ìka mẹ́rin ni Àrá rí nínú gbogbo ara Jẹ́jẹ́, létí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ọmọ mi," ni màmá wí lẹ́yìn rẹ̀, "ẹsẹ̀ ń ro mí. Kí lo fẹ́ fi dá a lóhùn?"

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan, Màámi. Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀ ná."

Wọ́n sọ ẹrù náà kalẹ̀. Àrá fún ara rẹ̀ mọ́ ògiri, ó rá gba àárín kọjá, eruku sì bò ó láti orí dé ìbàdí. Nígbà tó dé òdìkejì, Jẹ́jẹ́ jókòó sórí àtẹ̀gùn, òógùn bo ojú rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Àrá jókòó tì í. Ó mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì gbé wọn sórí itan ara rẹ̀.

"Mo gbà," ó wí. "Tayọ̀tayọ̀ ni mo gbà."

Jẹ́jẹ́ fi iwájú orí ti èjìká rẹ̀.

Kọ́bọ́ọ̀dù nìkan ni màmá ń rí. Ó gbé báàgì kalẹ̀. "Ó gbà, àbí kò gbà?"

"Ó gbà, mà," ni Jẹ́jẹ́ dáhùn.

"Ẹ kú oríire," ni màmá wí. "Ó yá, ẹ gbé e kúrò lọ́nà, kí n gòkè wá dì mọ́ yín."