Àgùàlà Tí Khàdíjàt Kò Rí

"Ìkùukùu tún ni!" Khàdíjàt fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wọn ní Àrámọkọ. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, ojú ọ̀run sì dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Wọ ulé jàre!" ni ìyá rẹ̀ àgbà ké láti ilé ìdáná. "Kókó ìṣínu ń tutù."

Inú bí i débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ọdún 1988 ni, Èkìtì ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ilé ẹ̀kọ́ wọn fẹ́ dá Dókítà Bámigbóyè, ọmọ Àrámọkọ, lọ́lá nítorí iṣẹ́ ribiribi tó ṣe lórí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì lókè òkun. Dókítà ti ránṣẹ́ pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa wo Àgùàlà, pílánẹ́ẹ̀tì tó ń tàn ní ìrọ̀lẹ́, jálẹ̀ oṣù ààwẹ̀, kí wọ́n sì máa ya ibi tí wọ́n rí i sórí páálí. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa jù ni yóò gba awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Awò yẹn ti gba Khàdíjàt lọ́kàn, ṣùgbọ́n òjò ọdún náà kò láàánú rárá.

Nígbà tí ayẹyẹ ku ọ̀la, Níkẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo páálí náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àyè òfìfo ló pọ̀ báyìí? Yà á kún, ọ̀rẹ́! Ṣé o rò pé Lukman kíláàsì wa máa fi tirẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Khàdíjàt kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tó yá, ó lọ bi ìyá àgbà léèrè ibi tí Àgùàlà máa ń wà.

"Ẹ̀gbẹ́ oṣù ni. Ṣebí ajá oṣù ni. Ọjọ́ tá a rí oṣù ààwẹ̀, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ló wà?"

Òótọ́ ni, wọ́n jọ rí i. Ni Khàdíjàt bá mú pẹ́ńsù, ó ya oṣù sí gbogbo àyè tó ṣófo, ó sì fi Àgùàlà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, títí kan òṣùpá àrànmọ́jú.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi àmì ẹ̀yẹ lé Dókítà lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn páálí. Ó dúró nídìí ti Khàdíjàt, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, àfi bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà.

"Ọmọ mi, ṣé o rí èyí?" Ó nàka sí òṣùpá àrànmọ́jú tí Àgùàlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bí oṣù bá ti kún, ìlà oòrùn ló ti ń yọ ní ìrọ̀lẹ́. Ìwọ̀ oòrùn ni Àgùàlà wà. Wọn kò lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nígbà náà láé."

Khàdíjàt ní, "Ojú ọ̀run ló ṣú, sà."

"Kí ló dé tí o kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Ohun tí ẹ torí ẹ̀ yẹ́ mi sí lónìí, ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń kọ 'a kò rí nǹkan kan' kí a tó rí i. Ìyẹn ni wọ́n fi gbà wá gbọ́."

Lukman ló gba awò náà. "Òjò" ló kọ sí àyè tó pọ̀ jù nínú páálí tirẹ̀. Iye ìgbà tí Khàdíjàt fi ojú ara rẹ̀ rí Àgùàlà tó ìlọ́po méjì ti Lukman, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbà á gbọ́ mọ́?

Bó ṣe ń lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀run mọ́ kedere, bí ẹni ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà náà ló yé e pé irọ́ tí òun fi dí àyè òfìfo ti ba gbogbo òótọ́ tí òun yà jẹ́. Ó bínú sí òjò, ó bínú sí Níkẹ́, ó fẹ́ bínú sí ìyá àgbà pàápàá. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bá a di pẹ́ńsù mú nínú wọn.