Orúkọ Ló Yí, Táyọ̀ Ò Yí

"Ìyá Táyọ̀, orin ọpẹ́ òní le o. Kí ló ṣẹlẹ̀?" Láolú bi ìyàwó rẹ̀ nílé wọn ní Uwasota, nílùú Benin.

Ọmọ́ṣaléwá gbé ṣíbí èbà sílẹ̀. "Bàbá Táyọ̀, Ọlọ́run ti ṣe é. Mo gbé Táyọ̀ dé kíláàsì tí wọ́n ti ń ràn án lọ́wọ́, akọ̀wé tuntun ibẹ̀ ní kò sí ohun tó ń jẹ́ Ásípágà, orúkọ tí dókítà pe ohun tó ń ṣe é, mọ́, pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Kò ní lọ mọ́. A máa jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi."

Láolú wo Èyítáyọ̀, ọmọ wọn obìnrin. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí nítorí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì yẹn, bí aago ilé ìwé bá dún, títì ló ń sá lọ. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi dókítà," ni Láolú wí.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú Táyọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà Abímbọ́lá gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Táyọ̀, kí ni àwọn ará àdúgbò ń pe ọmọ yìí?"

"Osas."

"Ìyá yín àgbà ńkọ́?"

"Àdùkẹ́."

"Ṣé ọmọ mẹ́ta nìyẹn?"

Ọmọ́ṣaléwá mi orí. "Rárá o, ọmọ kan náà ni."

"Àwọn dókítà àgbáyé ló tún ìlànà wọn ṣe. Wọ́n kó Ásípágà àtàwọn orúkọ mìíràn pọ̀ sábẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ọ́tísíìmù. Ẹni tí a ti rí i lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Màá ṣàlàyé fún àwọn ará kíláàsì rẹ̀. Ẹ dá a padà síbẹ̀ lọ́la, kí wọ́n má baà fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn."

"Light wan come," Táyọ̀ sọ, kò gbójú sókè.

Gbogbo wọn tẹ́tí. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Láìpẹ́, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Transformer dey hum first," Táyọ̀ tún sọ. Ó ti gbọ́ bí ẹ̀rọ iná àdúgbò ṣe ń kùn.

Ẹnu ya Ọmọ́ṣaléwá, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Etí tó ń gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ yìí náà ni ariwo ń gún. Ọmọ yìí ni ìyá rẹ̀ fẹ́ lọ jẹ́rìí pé ara rẹ̀ ti yá.

Ó jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi lóòótọ́, ó dúpẹ́ pé Táyọ̀ ti padà sí kíláàsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó bẹ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n dín ohùn ẹ̀rọ gbohùngbohùn kù. Táyọ̀ mú ọwọ́ kúrò létí.

Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá ní orúkọ tí dókítà fún ohun tó ń ṣe ọmọ yín kò sí mọ́, ẹ má tíì yọ̀, ẹ má sì bẹ̀rù. Ẹ má dá ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ó sọ orúkọ tí wọ́n ń pè é báyìí fún àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́. Ohun tí ọmọ yín nílò lánàá, ó ṣì nílò rẹ̀ lónìí.